Kápẹ́ẹ̀tì Ẹnu Ọ̀nà Aw Nuredin

Òòlù ni Remla kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ẹni tó mú un dání. Ìró rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ẹnubodè Badro. Ó fi àwọn àlejò tó ń mú kiri ìlú sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, ó ká ìbòrí rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó sáré yí igun. Ọkùnrin kan ló bá lórí àkàsọ̀. Eruku funfun bo irun rẹ̀, ó bo ìpéǹpéjú rẹ̀, ó bo ẹ̀wù búlúù tó wọ̀, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló ń dán. Ó ń gbá ògiri àtijọ́ ní òòlù, ara ògiri sì ń bọ́ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ.

"Sọ̀kalẹ̀," ni Remla wí.

Ọkùnrin náà bojú wolẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o."

"Mi ò kí ẹ. Mo ní kó o sọ̀kalẹ̀. Ta ló rán ẹ pé kó o wó ògiri tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ?"

"Ṣé ìwọ lo ni ín ni?"

"Èmi ni mo ni ín. Gbogbo ohun tó wà nínú odi ìlú yìí, èmi ni mo ni ín."

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó he ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ti gbá dànù, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Remla yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Kì í ṣe òkúta. Sìmẹ́ńtì ni, dúdú rẹ́súrẹ́sú. Ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ló ti fi rẹ́ ògiri náà lọ́jọ́ kan, òkúta tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti ń làágùn.

"Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí òkúta wa mí," ni ọkùnrin náà wí. "Tí òjò bá ráyè wọnú rẹ̀, kì í rọ́nà jáde. Ẹ̀wù burúkú ni mò ń bọ́ lọ́rùn ẹ̀. Mi ò wó nǹkan kan."

Ojú ti Remla, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ tí í tètè káwọ́ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi garawa tí ọkùnrin náà po yẹ̀ẹ̀pẹ̀ pupa sí, ó bu díẹ̀, ó fi ìka méjì ra á. "Eléyìí lo fẹ́ fi rẹ́ ẹ?"

"Òun ni."

"Iyanrìn ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Á sán kó tó gbẹ tán. Dà á nù, kó o lọ bu yẹ̀ẹ̀pẹ̀ gidi wá."

Ọkùnrin náà fìka ra á. "Òótọ́ ni. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá ìyá mi. Àwa obìnrin la ń rẹ́ ilé nílùú yìí, àbí o ò rí tìyá ẹ ni?" Remla gbọn ọwọ́ nù, ó kọjú sí ọ̀nà.

"Ordin ni wọ́n ń pè mí."

"Mi ò bi ẹ́."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó o mọ orúkọ ẹni tó o máa wá bú lọ́la ni, torí mi ò tíì parí ògiri yìí."

Remla ò yíjú padà, kí Ordin má baà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ gbogbo èyí. Télọ̀ ni mí. Ojú pópó àwa télọ̀ ni gbogbo ìlú ń gbà kọjá, a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, etí wa ò sì dí. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú odi wa tí kì í dé ọ̀dọ̀ wa kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Harar làwọn ará ìta ń pe ìlú wa. Àwa tá a bí síbẹ̀, Gey là ń pè é, ìyẹn Ìlú. Kí àwọn ìlú yòókù máa wá orúkọ kiri. Tiwa, Ìlú ló ń jẹ́, ẹni tí inú bá sì ń bí, kó lọ mọ odi tiẹ̀.

Nínú gbogbo àwa tá a fẹ́ràn Ìlú yìí, mi ò rí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ tó Remla. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wúrà àti Kánádà, òun ń sọ̀rọ̀ ẹnubodè. Ó mọ ilé tí ìkookò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tó bá wọlé wá jẹ egungun ọjà. Ó mọ ibi tí ògiri ti ń tutù lọ́sàn-án, àti mọ́ṣáláṣí tí ìró ìpè àdúrà rẹ̀ ń kọ́kọ́ dé etí aráàlú láàárọ̀. Àlejò tó bá bá a rìn, bó bá rẹ̀ ẹ́ ní ẹsẹ̀, kì í sọ. Àwọn ọkùnrin ti wá tọrọ rẹ̀, àwọn tó ní ilé ní Addis, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, àti àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Dire Dawa. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún wọn: "Ẹni tó máa mú mi jáde gba ẹnubodè wa lọ, kó má wulẹ̀ tẹnu bọ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ̀nà Badro kọjá. Ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ló yá jù. Irọ́ ni, ọ̀nà ibẹ̀ jìn.

"Onílùú, ẹ káàárọ̀," ni Ordin kí i látorí àkàsọ̀.

"Ta ni onílùú?"

"Ṣebí ìwọ lo ní ìwọ lo ni gbogbo ẹ̀. Mò ń dúró kó o wá gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn, Onílùú ló ń pè é, Remla á sì máa yínmú, àmọ́ ọjọ́ tó bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, inú rẹ̀ kì í dùn. Bí Ordin bá ń ti ara ògiri kan bọ́ sí òmíràn, Remla á wá a débẹ̀ tòun ti ìkòkò ewé kọfí tó sè pọ̀ mọ́ wàrà. Wọ́n á jókòó lórí òkúta. Wọ́n á jiyàn lórí ẹnubodè tó dàgbà jù. Wọ́n á jiyàn lórí ẹni tí ìyá rẹ̀ mọ ọbẹ̀ sè jù.

Lọ́jọ́ kan, Ordin ní kó wá wo nǹkan. Ó ti bọ́ sìmẹ́ńtì kúrò lára ògiri kan, ó sì bá àtẹ́lẹwọ́ kan lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó kọ́ ògiri náà láyé àtijọ́, tó tẹ ara amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ìka márààrún hàn kedere. Remla na ọwọ́ tirẹ̀, ó gbé e lé e. Ó bá a mu.

"Obìnrin ni," ni Remla wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wò ó, Ordin. Obìnrin ló rẹ́ ẹ."

Ordin ò wo ògiri. Ojú Remla ló ń wò, ọ̀rọ̀ kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó gbé mì. Ó ti ń fẹ́ ẹ látọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á pé kó má lọ dà bí ẹni pé òun náà wà lára àwọn tó ń tọrọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ parí, Aw Nuredin, baba Remla, pe ọmọ rẹ̀ jókòó. Aw là ń pe àgbà ọkùnrin, Ay là ń pe àgbà obìnrin. Olórí pípé ni Aw Nuredin, tó máa ń di ìwé Kùránì pẹ̀lú awọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ọmọkùnrin méjì tó bí ti lọ Kánádà. Ó ní òun ti ṣèlérí Remla fún Hilal, ọmọ ọ̀rẹ́ òun tó kú sí Toronto. Hilal ń bọ̀ wá ṣe ọdún Shuwalid nílé, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Tí wọ́n bá ti ríra, kí wọ́n so yìgì.

"Baba, ẹ mọ ohun tí mo máa ń sọ."

"Mo mọ ọ́n. Ọmọdé ló ń sọ ọ́. Bó o ṣe ń fi ìlú han àlejò, ilé ara wọn ni wọ́n ń padà sí lọ́la. Àwa tá à ń gbé e ńkọ́? Wo adúgbò wa. Ilé àwọn ọ̀rẹ́ mi ti tì pa. Òmíràn ti wó. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní padà wá, kí a má tan ara wa. Ṣé kí n kú, kí n fi ọ́ sílẹ̀ láàárín òkúta ni?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi sáàárín òkúta náà, Baba."

Aw Nuredin dìde, ó lọ kírun. Remla mọ̀ pé bí òun ò bá rí nǹkan ṣe, Shuwalid yìí ni òun máa ṣe kẹ́yìn nínú Ìlú.

Ó sọ fún Ordin láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ordin gbé òòlù sílẹ̀, ó gbé e, ó tún gbé e sílẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó rí sọ ni pé baba Remla ti ránṣẹ́ pe òun wá tún ògiri òkè ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, torí àlejò tó ń bọ̀.

"Bóyá kó o kọ́ ọ kó wó lù wọ́n," ni Remla wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ilé wa. Bí ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ bá wà nínú ilé, wọ́n á ká kápẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan, wọ́n á gbé wọn lé orí igi tó wà lókè ẹnu ọ̀nà yàrá ńlá. Ẹni tó bá yọjú láti àgbàlá á ti rí i, á sì mọ̀. Ọjọ́ tí kápẹ́ẹ̀tì yẹn bá sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: wọ́n ti fún ẹnì kan ní ọmọ. A kì í pariwo ẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ló ń sọ ọ́.

Ordin mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ni, nígbà tó bá sì rí ibi tó sán, kì í rí nǹkan míì mọ́. Lọ́jọ́ tó wá tún ògiri Aw Nuredin ṣe, ibi tó sán wà lókè igi kápẹ́ẹ̀tì gan-an. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì náà, ó rí i pé ó dára, pé eruku máa bà á jẹ́. Ó gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó tò wọ́n sínú oòrùn ní àgbàlá, ó padà sórí àkàsọ̀. Remla ló di àkàsọ̀ náà mú, torí kò sẹ́lòmíràn nílé. Òun náà ò rántí. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ju kápẹ́ẹ̀tì lọ.

Ìgbà náà ni Ay Shamsiya wọlé wá tọrọ iyọ̀. Àbúrò baba Hilal ni Ay Shamsiya, ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ló ń gbé. Ó wo òkè ẹnu ọ̀nà, ó bá igi lófìfo. Ó wo Ordin. Ó wo Remla tó di àkàsọ̀ mú. Kò bèèrè iyọ̀ mọ́. Ó pẹ̀yìn dà.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ ti dé ojú pópó àwa télọ̀. Àwọn kan ní wọ́n ti so yìgì. Àwọn kan ní wọ́n ti ń yan orúkọ ọmọ. Ay Kimiya, ìyá Remla, ń tọjà bọ̀ tòun ti apẹ̀rẹ̀ lórí, ló bá bá àwọn obìnrin adúgbò ní àgbàlá rẹ̀, wọ́n gbé álúwà dání, wọ́n ń kọrin ìyàwó.

"Ìyàwó ta nìyí?" ni Ay Kimiya bi wọ́n.

"Ọmọ tìẹ ni. Ìwọ ò tiẹ̀ sọ fún wa. Ẹ̀yìn wa lo fẹ́ gbà ṣe é?"

"Ta ni wọ́n fi í fún?"

Wọ́n nawọ́ sí Ordin lórí àkàsọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti funfun ju ẹfun tó wà lára rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni Aw Nuredin ti bá wọn. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, orin sì dá. Ay Shamsiya wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Sọ̀kalẹ̀," ni Aw Nuredin wí.

Ordin sọ̀kalẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí kápẹ́ẹ̀tì yẹn ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Baba."

"O mọ̀ ọ́n, o sì gbé e."

"Eruku ni, Baba. Mi ò fẹ́ kí eruku bà á jẹ́."

"Jẹ́ kí n bi ọ́ níṣojú gbogbo wọn. Ṣé ọmọ mi lo wá wò ni?"

Ordin wo Remla, ojú Remla sì wà lára rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Ó rí Ay Shamsiya, ó rí àwọn obìnrin pẹ̀lú álúwà lọ́wọ́ wọn, ó rò ó pé tí òun bá sọ bẹ́ẹ̀ ni báyìí, wọ́n á ní ẹ̀tàn ni òun fi gba ọmọ onílé, wọ́n á sì máa fi Remla ṣẹ̀sín títí.

"Rárá, Baba. Ògiri ni mo wá wò."

Remla lọ síbi kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé wọn lé èjìká, ó gun àkàsọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tò wọ́n padà sórí igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó kí àwọn obìnrin náà pé ẹ ṣé, ẹ kú wàhálà, ó wọlé lọ. Èmi ò tíì rí ọmọ tí wọ́n dójú tì tó gbé orí sókè bẹ́ẹ̀ rí.

Látìgbà yẹn, ó yí ọ̀nà padà. Bí Ordin bá wà ní Badro, Remla á mú àlejò lọ sí ẹnubodè Suqutat. Bí Ordin bá ń bọ̀ níwájú, Remla á yà. Ìlú wa kò tóbi, wọ́n sá fún ara wọn títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ilé àwọn tó ń dáná fún mọ́ṣáláṣí, tó tóóró débi pé èèyàn méjì ò lè kọjá lára ara wọn láìfara kan ara. Ọ̀nà ìlàjà là ń pè é. Àwọn àgbà ní bí èèyàn méjì tó ń bára wọn jà bá pàdé níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu. Ọjọ́ kan ní kété lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Remla wọ ọ̀nà náà láti òkè, Ordin wọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àkàsọ̀ léjìká. Wọ́n pàdé láàárín.

"Padà sẹ́yìn," ni Remla wí.

"Àkàsọ̀ ò lè yí níbí. Ìwọ padà."

"Mi ò ní padà fún ẹni tó wá wo ògiri."

Ordin gbé àkàsọ̀ lé ògiri. "Remla, tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní ọ̀nà ẹ̀bùrú ni mo gbà wọlé. Èmi fẹ́ gba ẹnubodè wọlé wá bá ẹ, kí àwọn àgbà ṣíwájú mi."

"Ọkùnrin míì ti ń gba pápá ọkọ̀ òfuurufú bọ̀, ìwọ ṣì ń wá ẹnubodè. Ó dùn mí, Ordin. Ó dùn mí gan-an. Mo gun àkàsọ̀ yẹn bí ẹni tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ."

"Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ látọjọ́ tó o ní kí n sọ̀kalẹ̀. Mi ò tíì sọ̀kalẹ̀ láti ọjọ́ náà."

Remla fi ìbòrí nu ojú. "Sọ fún baba mi nígbà náà. Má sọ fún ògiri."

"Lónìí ni màá rán wọn, Onílùú."

Nígbà tí wọ́n máa kọjá, ara kan ara, bí ọ̀nà náà ṣe fẹ́. Àwọn méjèèjì ò yára.

Ordin rán àwọn àgbà adúgbò rẹ̀. Aw Nuredin gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún wọn ní kọfí, ó sì ní rárá. Ó ní òun ò kórìíra ọmọ náà, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òun ti jáde sí ẹni tó ti kú, òun ò sì lè lọ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ òkú.

Hilal dé. Ká má parọ́, gbogbo wa ti múra láti kórìíra rẹ̀, àmọ́ kò gbà wá láyè. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, èdè wa ń falẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, á sì fi ẹ̀rín dí ibi tó bá ti sọnù. Ay Shamsiya ti ròyìn kápẹ́ẹ̀tì fún un lórí fóònù, ó sì ti rẹ́rìn-ín ẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ Shuwalid, tí gbogbo àwọn ọmọge àti ọ̀dọ́mọkùnrin wọ aṣọ tuntun, tí orin àti àtẹ́wọ́ kún ojú oórì àwọn ẹni mímọ́ wa, ó bẹ Remla pé kó fi ilé baba òun han òun.

"Kò sí nǹkan ńbẹ̀ mọ́," ni Ay Shamsiya wí kíákíá. "Ẹ wo ijó."

"Bàbá mi ò sọ nípa ijó, àǹtí mi. Ilé ni ó sọ títí ó fi kú."

Remla mú un lọ. Òrùlé ilé náà ti já sínú yàrá ńlá. Koríko ti hù lórí pẹpẹ tí wọ́n ń jókòó lé. Ewúrẹ́ kan dìde, ó rọra rìn jáde, ó ń wò wọ́n bí onílé. Hilal dúró láàárín yàrá. Gbogbo ohun tó gbọ́ láti kékeré, kò rí ọ̀kan.

Àánú ṣe Remla. Kò mọ̀ bí a ṣe ń dákẹ́ nínú ilé wa, bó ti wù kó wó tó. Ó gun orí òkúta, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ibi tó o dúró yìí, ibẹ̀ ni bàbá ẹ bọ́ bàtà. Ihò tó o ń wò lára ògiri yẹn, Kùránì ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé nǹkan míì lé e. Níbí, ìyá bàbá ẹ gbé àtẹ́ aláràbarà tó fọwọ́ ara ẹ̀ hun kọ́, ọ̀kan tóbi ju ọ̀kan lọ. Yàrá kékeré yìí, ibẹ̀ ni wọ́n fi òun àti ọkọ ẹ̀ sí lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó wọn. Ibẹ̀ ni ìdílé yín ti bẹ̀rẹ̀, Hilal."

Ó ń sọ ọ́, ó ń fọwọ́ tọ́ka, ògiri ń dìde, òrùlé ń bo, èéfín tùràrí ń rú. Nígbà tó dákẹ́, Hilal ń sunkún láìpa ohùn mọ́.

"Tí mo bá mú ẹ lọ Toronto," ó ní, "ta ni yóò máa ṣe eléyìí?"

Remla sọ̀kalẹ̀ látorí òkúta, Hilal sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Èmi wá fẹ́ ìyàwó lọ́wọ́ yín, mo rí i pé ilé bàbá mi ti wó nígbà tí gbogbo yín ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí wa. Ọkùnrin tó gbé kápẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀ yẹn, ṣé ó fẹ́ ẹ?"

"Ó fẹ́ mi."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ ẹ. Àmọ́ bí kò tiẹ̀ sí Ordin, Hilal, mi ò lè bá ẹ lọ. Mi ò ní parọ́ fún ẹ nínú ilé bàbá ẹ."

Hilal mí kanlẹ̀. Ó dùn ún, ó hàn. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú, ó ní kí wọ́n jọ lọ bá Aw Nuredin.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá bàbá mi sọ, èmi ni mo jogún ẹ̀," ni Hilal wí. "Mo dá yín sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo fẹ́ gbà dípò. Ẹ jẹ́ kí Ordin tún ilé bàbá mi kọ́, kí òun àti Remla máa gbé inú ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ́ onílé."

Wọ́n ní Aw Nuredin béèrè lọ́wọ́ Remla pé, "Àwọn ọmọ yín ńkọ́? Ṣé wọn ò ní lọ bí ti àwọn tèmi?"

Remla kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Baba, wọ́n lè lọ. Kí wọ́n ṣáà ní ibi tí wọ́n máa padà sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó bá padà bá ewúrẹ́ nílé."

Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ pe bíríkìlà yẹn wá. Nígbà tí Ordin dé, gbólóhùn kan ló sọ fún un: kó bo ilé náà kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí òun rí sìmẹ́ńtì níbẹ̀.

Ẹ bá mi dé ibẹ̀ nígbà yẹn, kẹ́ ẹ rí Ìlú. Ordin ṣa òkúta tó ti wó, ó tò ó padà. Hilal fa ìrìn àjò rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń ru omi títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Àwa télọ̀ pa ẹ̀rọ, a lọ gbé igi àjà. Remla fi ẹsẹ̀ po amọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin, ó ká yẹ̀rì dé orúnkún, ó ń bú Ordin pé ọwọ́ rẹ̀ ò yá, Ordin ń dá a lóhùn látòkè pé Onílùú kì í po amọ̀, wọ́n máa ń dúró wò ni. Ay Shamsiya pàápàá wá, ó kùn títí, ó sì rẹ́ ògiri kan tó jọ̀lọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìpele amọ̀ tó kẹ́yìn sórí òrùlé. Gbogbo wa dúró sínú yàrá ńlá, a gbójú sókè. Kò jò.

Wọ́n so yìgì fún wọn. Wọ́n fi wọ́n sínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà bí àṣà wa, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún wọn, àwọn obìnrin sì ń dúró gbọ́ ẹ̀rín wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Aw Nuredin ò tíì wọ ilé náà látìgbà tó ti wó, kódà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó yẹn pé, ó wá, òun nìkan, nínú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀.

Nínú ilé wa, kì í ṣe ibi tó bá wu èèyàn ló ń jókòó sí. Pẹpẹ gíga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ti baálé ni. Èyí tó lọ sílẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ti àlejò àti ọmọdé ni. Ordin ti tẹ́ ìrọ̀rí sórí pẹpẹ gíga fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Aw Nuredin bọ́ bàtà, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó sì jókòó sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́," ni Ordin wí, "òkè ni tiyín."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni."

"Lọ jókòó síbi tìẹ."

Ordin gòkè, ó jókòó. Aw Nuredin yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Wọ́n ní o máa ń fi ilé wa han àlejò. Èmi ò gbọ́ ọ rí. Fi eléyìí hàn mí."

Remla dìde láàárín yàrá. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ kéré. Ó fi ihò Kùránì hàn án, ó fi àwọn àtẹ́ hàn án. Ó kan ilẹ̀ pupa tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa tó ṣubú lójú ogun Chelenqo nítorí Ìlú yìí ni a fi ń rántí, pé ìdí nìyẹn tí a kì í fi kun ilẹ̀ ilé wa ní àwọ̀ míì. Ohùn rẹ̀ ti ga nígbà náà. Ó ní ìdílé kan kọ́ ilé yìí, wọ́n lọ, ó wó, ọkọ òun sì tún un kọ́ pẹ̀lú òkúta rẹ̀ gan-an. Bàbá rẹ̀ ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú lónìí.

Nígbà tó parí, ó béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo àlejò. "Ṣé ẹ ní ìbéèrè?"

"Ọ̀kan," ni Aw Nuredin wí. "Ṣé ẹ máa gbà kí n máa wá lójoojúmọ́?"

Remla bú sẹ́kún, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Ordin ló dá a lóhùn látorí pẹpẹ baálé.

"Ẹ máa bọ̀, Baba. Ilé yín ni."